Ọ̀nà Kọ́ Ni Ọ́ìlì Ń Kà, Wákàtí Ni

Láti ìgbà tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè lórí ẹ́ńjìnnì dísù lójú ewé yìí, ìbéèrè kan wà tí kì í yé wọlé: ìgbà wo ló yẹ ká pààrọ̀ ọ́ìlì? Mo ti kó àwọn tó wọlé lóṣù yìí jọ. Púpọ̀ nínú wọn wá láti ọwọ́ àwọn tí ọkọ̀ wọn kì í rìn jìnnà, tó jẹ́ pé ojú kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ máa gùn jù, torí irú ohun tó ń ṣe ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe mí rí, èmi kò sì rí ẹni bá mi sọ̀rọ̀ kó tó bàjẹ́.

MẸKÁNÍÌKÌ MI FẸ́ DA Ọ́ÌLÌ TÍ KÒ TÍÌ RÌN NÙ

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ní kírénì lẹ́yìn ni mo ń wà. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé kí n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 15,000. Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, kìlómítà 4,200 péré ni mo tíì rìn. Àmọ́ mẹkáníìkì mi wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní wákàtí 310 ni ẹ́ńjìnnì ti fi ṣiṣẹ́, pé ọ́ìlì náà ti tán lágbára. Ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí ó kàn ń wá iṣẹ́ ni?"

Òótọ́ ló ń sọ, àbúrò mi. Ẹ bá mi kí i.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ fi 310 pín 4,200. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ọkọ̀ yín kò rìn ju kìlómítà mẹ́tàlá àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè yà á sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ kì í sáré o. Ohun tó fà á ni pé fún ọ̀pọ̀ nínú wákàtí 310 yẹn, táyà yín kò yí rárá. Ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kírénì ń gbé ẹrù, tàbí kó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń retí kí wọ́n so ẹrù mọ́ ọn. Ẹni tó kọ ìwé ọkọ̀ yín ní tirẹ̀, ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà ló ní lọ́kàn, tó ń rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, bí a bá da eré àti ìdúró rẹ̀ pọ̀. Ẹ wá fi 50 pín 15,000. Wákàtí 300 ni. Ìyẹn ni ìwé fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Kìlómítà ló kàn fi sọ ọ́. Ẹ ti fi wákàtí mẹ́wàá ré e kọjá.

Ẹ tún ìwé náà gbé, ẹ wá ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ líle. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ dísù, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ wákàtí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìlómítà, tí wọ́n á sì fi gbólóhùn kúkúrú kan sí i: èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í kà dé. Nínú ìwé kan ẹ lè rí wákàtí 200, nínú òmíràn 250, nínú òmíràn 500, torí ẹ́ńjìnnì kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tó ń wọ inú wọn kò pọ̀ bákan náà. Àwọn tó ń lo katakata àti jẹnẹrétọ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí ẹ̀rọ tiwọn kò ní kìlómítà tó lè tàn wọ́n jẹ. Wákàtí 250 lẹ máa bá nínú púpọ̀ nínú ìwé tiwọn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì dísù fi dúró tó ń ṣiṣẹ́ dà bí ìgbà tó bá rin nǹkan bíi kìlómítà 40.

Kí ló wá wà nínú ìdúró yìí tó ń ba ọ́ìlì jẹ́? Síló ni àwa mẹkáníìkì ń pè é, kí ọkọ̀ dúró kí ẹ́ńjìnnì máa yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìsinmi ni fún ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ìsinmi. Bí lítà dísù kan bá jó tán, omi tó ń tinú iná yẹn jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, omi yẹn á di ooru, á bá èéfín lọ. Lórí síló, epo díẹ̀ ló ń wọlé, iná inú sílíńdà kò gbóná tó, agbára tó yẹ kó ti ríǹgì písítìnì, irin róbótó tó ń dí ẹ̀gbẹ́ písítìnì, mọ́ ara sílíńdà kò sì pọ̀. Nítorí náà, díẹ̀ lára èéfín, díẹ̀ lára omi, àti dísù tí kò jó tán á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì, wọ́n á bọ́ sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Omi yẹn àti imí-ọjọ́ tó wà nínú dísù, tí wọ́n bá pàdé, ásíìdì ni wọ́n ń dà. Dísù tí kò jó á sọ ọ́ìlì di ṣíṣàn bí omi. Èédú èéfín ní tirẹ̀ á mú kó ki. Ẹ wò ó: ohun kan ń mú un ṣàn, ohun kan ń mú un ki, ẹni tó bá sì fi ìka kàn án lè máà mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà.

Lójú ọ̀nà tó jìn, ọ́ìlì máa ń gbóná tó ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì tàbí kó ré e kọjá díẹ̀, omi inú rẹ̀ á sì gbẹ dànù. Lórí síló, kì í gbóná débẹ̀. Ohun tó bá ti wọlé, ibẹ̀ ló máa sùn.

Àwọn èròjà kan wà nínú ọ́ìlì tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni láti pa ásíìdì yẹn bó ṣe ń wọlé. TBN ni wọ́n ń pe nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń wọn agbára yẹn. Nínú ọ́ìlì tuntun fún ọkọ̀ akẹ́rù, ó sábà máa ń wà nítòsí 10. Bó ṣe ń pa ásíìdì ló ń dín kù. Kò bìkítà bóyá táyà yí tàbí kò yí. Ọjọ́ tó bá tán, bíárìn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé kíránkì, ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìnì ń yí, ni ásíìdì máa kọjú sí.

Ohun tí mo fi mọ̀ rèé. Nígbà tí mo ṣì ń wakọ̀, táńkà omi ni wọ́n fún mi, èyí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń yí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Mo lẹ bébà kékeré kan mọ́ igun gíláàsì iwájú, mo kọ kìlómítà tí mo máa pààrọ̀ ọ́ìlì sí i, mo sì ń wò ó láràárọ̀. Oṣù karùn-ún pé, mi ò tíì rin ìdajì. Inú mi ń dùn pé mò ń ṣọ́ ọkọ̀ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná pupa ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí síló. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, iná náà á kú. Mo ní wáyà ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀, kò, kò, kò, bí ẹni ń fi òòlù kékeré kan irin láti inú yàrá tó jìnnà. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Nígbà tí wọ́n tú sọ́mpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, sílẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó ki bí ọ̀dà. Ó ti dí asẹ́ tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì, ihò díẹ̀ ló kù. Ara bíárìn ti jẹ títí tí bàbà fi yọ síta, kíránkì sì ti ha. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó bi mí pé, "Wákàtí mélòó?" Mi ò mọ̀. Ó mú bírò, ó ní ká kà á: wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ni mo fi ń fa omi, ọjọ́ 22 lóṣù, oṣù márùn-ún. 660. A kò tíì ka èyí tí mo fi wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀. Ọ́ìlì tó yẹ kí n ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló ṣì wà níbẹ̀, bébà ara gíláàsì sì ń sọ fún mi pé ó ku púpọ̀. Títí di òní, ìbéèrè ọ̀gá mi yẹn ni mo kọ́kọ́ ń bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ dísù wá bá mi.

Nítorí náà, àbúrò mi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kẹ́ ẹ tó tú u, kí èédú inú rẹ̀ lè bá ọ́ìlì ṣàn jáde dípò kó lẹ̀ mọ́ ìdí sọ́mpù. Ẹ pààrọ̀ fíltà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Fíltà tó bá ti dí kì í dá ọ́ìlì dúró. Ọ̀nà kékeré kan wà tó máa ṣí, ọ́ìlì á sì gba ibẹ̀ kọjá láìsẹ́, tòun ti ẹ̀gbin, lọ sára bíárìn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ wákàtí tí mítà ń fi hàn sínú ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi 250 kún un. Mo mọ̀ pé 300 ni ìṣirò wa gbé jáde. Ọkọ̀ tó ń dúró tó báyẹn, èmi kì í jẹ́ kó dé ìpẹ̀kun rẹ̀.

ỌKỌ̀ MI KÒ NÍ MÍTÀ WÁKÀTÍ

"Bàbá, típà mi ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ibi tí wákàtí ti ń hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí ni kí n fi mọ iye wákàtí rẹ̀?"

Àwọn tí ọkọ̀ wọn kò tíì dàgbà tó tiyín, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù wò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wákàtí ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ẹnì kankan ni kò wá a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òmíràn tiẹ̀ máa ń ya wákàtí síló sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo wákàtí. Bẹ́ ẹ bá rí méjèèjì, ẹ fi wọ́n wéra: bí síló bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀ lọ, iṣẹ́ líle ni ọkọ̀ yín ń ṣe, ohunkóhun tó wù kí ẹ máa pè é.

Ní ti tiyín, ẹ ra mítà wákàtí kékeré, kí oníwáyà bá yín so ó. Ẹ má jẹ́ kó so ó mọ́ ojú kọ́kọ́rọ́ o. Bó bá wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ láti gbọ́ rédíò ni yóò máa kà. Kó so ó mọ́ ibi tí agbára ọ́ìlì ti ń tan súwíìṣì, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń ka. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín ní mítà àtijọ́ tó tú lára katakata, èyí tí okùn irin láti ara ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹ má gbà á. Yíyí ẹ́ńjìnnì nirú rẹ̀ ń kà, tó ń sọ ọ́ di wákàtí. Wákàtí rẹ̀ kan pé kìkì tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bí wọ́n ṣe ní kó máa yí lórí iṣẹ́. Lórí síló, ó ń falẹ̀. Síló gan-an lẹ sì fẹ́ kà.

Bí kò bá sí mítà rárá, dísù lẹ máa kà. Ohun tó ń ba ọ́ìlì jẹ́, inú dísù tó jó ló ti wá, nítorí náà kíka lítà kì í ṣe asán. Ká ní ọkọ̀ yín ń jẹ lítà 30 ní kìlómítà 100, ìwé sì ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní 15,000. Lítà 4,500 nìyẹn. Ẹ máa kọ gbogbo dísù tẹ́ ẹ bá rà sílẹ̀. Bó bá pé 4,500, ó tó. Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀. Lórí síló, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kì í jẹ ju nǹkan bíi lítà mẹ́ta lọ ní wákàtí kan. Ó lè dúró fún wákàtí púpọ̀ kí lítà tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ lítà tó jó lórí síló ló ń da ẹ̀gbin sínú ọ́ìlì ju èyí tó jó lójú ọ̀nà lọ. Tó bá jẹ́ tèmi ni, típà tó ń pẹ́ lórí ìlà kí wọ́n tó bù yẹ̀pẹ̀ sí i, 3,000 ni mo máa dúró sí.

Ọ́ÌLÌ DÚDÚ

"Ọjọ́ kejì tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo fa géèjì yọ, ó ti dúdú bí èédú. Ṣé wọ́n fi ọ́ìlì àlòkù sí i ni?"

Rárá. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dúdú kíákíá, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èédú èéfín mọ́ra kó má bàa lẹ̀ sára irin. Díẹ̀ lára ti àtijọ́ sì máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo. Àwọ̀ dúdú kò sọ nǹkankan fún yín.

Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni kí ọ́ìlì máa pọ̀ sí i lórí géèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un. Ọ́ìlì kì í bímọ. Dísù tàbí omi rédíétọ̀ ló wọlé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bíi dísù, nọ́sùlù kan, ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà, lè máa jò, tàbí kó jẹ́ pé fíltà èéfín ọkọ̀ náà, èyí tó ń gba èédú inú èéfín sílẹ̀, kì í rí àyè jó èédú inú rẹ̀ tán. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ṣe ni wọ́n máa ń fọ́n dísù sí sílíńdà lẹ́yìn tí iná ti jó, kí èéfín lè gbóná dé ibi fíltà yẹn. Bí awakọ̀ bá ń pa ọkọ̀ láàárín iṣẹ́ yìí lemọ́lemọ́, dísù náà á máa gba ara sílíńdà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá rí bíi wàrà, omi ni. Nínú méjèèjì, ẹ má wò ó pé wákàtí ṣẹ́ kù. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ wá ibi tó ti ń wọlé, kẹ́ ẹ tó da ọ́ìlì tuntun sí i.

ṢÉ MO LÈ SÚN UN SÍWÁJÚ?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tírélà mẹ́ta ni mo ní, ọ̀nà jíjìn ni gbogbo wọn ń rìn, wọn kì í dúró. Ìwé ní kìlómítà 40,000. Ẹnì kan sọ fún mi pé tí mo bá ń lo ọ́ìlì tó dára, mo lè rin 60,000. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Ó lè dáa. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni yẹn kọ́ lẹ máa fi mọ̀.

Ìṣirò wákàtí ń gbè yín lẹ́yìn, mo gbà. Tírélà tó ń rin kìlómítà 70 ní wákàtí kan á lo nǹkan bíi wákàtí 570 láti rin 40,000, èyí tó pọ̀ ju 250 tí mo kọ fún oníkírénì lókè lọ fíìfíì, síbẹ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lè sàn ju ti oníkírénì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u, torí ó ń gbóná dáadáa, ẹ́ńjìnnì ń mí bó ṣe yẹ, sọ́mpù rẹ̀ sì gba ọ́ìlì púpọ̀. Ooru ló wá jẹ́ ọ̀tá tirẹ̀. Ohun táwọn tó mọ ọ́ìlì ń tẹ̀ lé ni pé, bí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé sí i, ọ́ìlì á máa gbó ní ìlọ́po méjì bó ṣe ń gbó tẹ́lẹ̀. Òkè àti ẹrù wúwo máa ń fa ìyẹn.

Ẹ mú ọ́ìlì lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgò kékeré kan ti tó. Nígbà tí ẹ bá ń tú ọ́ìlì gbígbóná, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ, ẹ gbé ìgò sábẹ́ èyí tó ń bọ̀ láàárín, kẹ́ ẹ sì dé e kí eruku má wọ̀ ọ́. Ẹ kọ nǹkan méjì sára ìgò: wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe látìgbà tó ti wà, àti wákàtí tí ọ́ìlì yìí gan-an ti ṣe. Láìsí èkejì yẹn, èsì náà kò ní ìtumọ̀.

Èsì tí wọ́n máa fún yín dà bí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Irin inú ọ́ìlì ń sọ bí sílíńdà àti ríǹgì ṣe ń jẹ. Bàbà àti òjé ń sọ̀rọ̀ nípa bíárìn. Sílíkọ́ọ̀nì túmọ̀ sí eruku, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sì ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Sódíọ̀mù tàbí pọtásíọ̀mù lè jẹ́ pé omi rédíétọ̀ ti ń yọ́ wọlé, kódà kí ojú tó rí wàrà kankan. Wọ́n á sọ dísù tó wà nínú rẹ̀, èédú tó wà níbẹ̀, bó ṣe ki tó, àti iye TBN tó ṣẹ́ kù. Ọkọ̀ kan wà tí mo ń tọ́jú tí irin àti sílíkọ́ọ̀nì inú ọ́ìlì rẹ̀ jọ lọ sókè láàárín ìgò kan sí èkejì. Awakọ̀ rẹ̀ búra pé fíltà afẹ́fẹ́ ṣì jẹ́ tuntun, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn fíltà la ti bá a: irin tó di rọ́bà afẹ́fẹ́ mú ti tú, àyè tí kò ju ìka kan lọ ló ṣí sílẹ̀. Ó ń fa eruku sínú sílíńdà láti ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. Tí kì í bá ṣe ìgò yẹn, gbogbo wa ni à bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èéfín.

Ìgò kan kò tó láti pinnu. Mẹ́ta ló ń fi ọ̀nà tó ń tọ̀ hàn. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ fi wákàtí 50 kún un, kẹ́ ẹ tún mú òmíràn. Ẹ má fò láti 40,000 sí 60,000 lẹ́ẹ̀kan. Tí ọ̀kan nínú tírélà náà bá ṣì wà lábẹ́ àdéhùn ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ má kọjá ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ rárá, torí wọn kò ní tún un ṣe fún yín tó bá bàjẹ́.

LẸ́TÀ ARA GÁLỌ́Ọ̀NÙ

"Wọ́n kọ CI-4 sára ọ́ìlì kan, CK-4 sára èkejì, 15W-40 sì ni méjèèjì. Ṣé kò sí ìyàtọ̀?"

Ìyàtọ̀ wà. 15W-40 ń sọ bó ṣe ki. CI-4 àti CK-4 ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n dán an wò fún. CI-4 jáde lọ́dún 2002, CJ-4 tẹ̀ lé e ní 2006, CK-4 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Láti CJ-4 lọ ni wọ́n ti dín eérú tí ọ́ìlì máa ń fi sílẹ̀ bó bá jó kù, kó má bàa dí fíltà èéfín àwọn ọkọ̀ tuntun. Tí ọkọ̀ yín bá ní fíltà èéfín, ẹ má fi CI-4 sí i. Ẹ tún ṣọ́ra fún FA-4, tó jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú CK-4. Ó ṣàn ju CK-4 lọ, àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun kan tí ìwé wọn dárúkọ rẹ̀ nìkan ló wà fún.

Ọ̀rọ̀ dísù wọ inú èyí. Àwọn ọ́ìlì tuntun yìí, dísù tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù lọ ni wọ́n fi wọn wákàtí wọn. Bó bá jẹ́ dísù tí imí-ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ̀ ń rí rà, ásíìdì á pọ̀, TBN á tètè tán. Ìdajì wákàtí inú ìwé ni mo máa ń fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

WÁKÀTÍ 60 LỌ́DÚN

"Ọkọ̀ panápaná kékeré ilé iṣẹ́ wa kò ṣe ju wákàtí 60 lọ láti ọdún tó kọjá. Ṣé kí n dúró títí á fi pé 250?"

Ẹ má dúró. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n sì ń pa ni omi ń kó sí nínú jù. Tí ẹ bá sì tàn án láti dán an wò, ẹ wà á jáde títí yóò fi gbóná dáadáa.

ÌṢẸ́JÚ MÉLÒÓ LÁÀÁRỌ̀?

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ iṣẹ́ ni mí. Ọ̀gá mi ní kí n máa tan ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ kó tó jáde, kí n sì tún fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó pa á lálẹ́, nítorí tọ́bò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ mọ̀ pé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, nílò ìtọ́jú, ibi tó wà nìyẹn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ìṣẹ́jú ló pọ̀ jù.

Láàárọ̀, dúró títí agbára ọ́ìlì á fi dúró sójú kan lórí géèjì dáṣíbọ́ọ̀dù, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí o sì wakọ̀ jáde jẹ́jẹ́ láìfi agbára tẹ tọ́tù. Ẹ́ńjìnnì dísù tètè máa ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́ ju orí síló lọ. Lálẹ́, tọ́bò ti ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó ń gun òkè, ọ́ìlì nìkan ló sì gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró. Tí o bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, ọ́ìlì tó dúró sójú kan nínú ooru yẹn á jó gbẹ mọ́ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún náà ló tó kó tutù.

Wá wo ohun tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ń ṣe. Wákàtí kan ni lóòjọ́. Tí ọkọ̀ náà bá ń jáde ní ọjọ́ 25 lóṣù, wákàtí 25 ti lọ nínú 250 ọ́ìlì rẹ láì gbé ẹrù kankan. Kọ ìṣirò yìí sínú bébà, kí o fi ọ̀wọ̀ gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ ní àkókò tí kò sí oníbàárà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jọ wo mítà wákàtí ọkọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ìparí rẹ̀. Kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.